Ariwo Kọ́ Ni Agbára

  Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí àwa tí a ti jáde fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìwé yìí, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn ni ọkọ̀ Peugeot 504 kan àti páìpù irin mẹ́rin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá di ẹni ìtìjú ní ìlú Kàdúná ní ọdún 2004. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ohun tí páìpù yẹn fi kọ́ wa lọ́gbọ́n kò kéré.

Mẹ́rin ni wá nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n wa ará Abẹ́òkúta ni àgbà, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Iléṣà, ẹ̀kẹrin wa sì ni arábìnrin kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Kàdúná, tó ń sọ Hausa bí ẹni ń mu omi. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni gbogbo wa ń kọ́. Bàbá ọmọ Ọ̀fà ló ni ọkọ̀ náà. Obì ni bàbá fi ń kó kiri títí ọlọ́jọ́ fi dé. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín, ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ní Tudun Wada, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni màmá pè wá, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́, wọ́n ní: "Ẹ bá mi tún un ṣe. Bí ọdún bàbá yín bá pé, òun náà ni kí ẹ fi gbé mi lọ sí Ọ̀fà." Oṣù mẹ́rin péré ló kù kí ọdún ó pé.

Ẹni tó bá gbé Kàdúná kò lè ṣàì mọ 504. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé kọ́kọ́ gbé e jáde. Ní 1972, ìjọba Nàìjíríà bá ilé-iṣẹ́ Peugeot tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kakuri, ní ìhà gúúsù odò Kàdúná. Nígbà tí Faransé dáwọ́ 504 tí a fi ń kó èrò dúró nílé wọn ní 1983, Kàdúná kò dáwọ́ dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ pé ọkọ̀ àgbà lásán ni. 504 ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ti Kẹ́ńyà ní 1975 lọ́wọ́ Ove Andersson, ó sì tún gbà á ní 1978 lọ́wọ́ Jean-Pierre Nicolas. Ìtàn Safari yìí ló ba orí wa jẹ́. A kò rí ọkọ̀ olóbì mọ́ lábẹ́ igi máńgòrò, ọkọ̀ eléré ni a ń rí.

Nígbà tí a tan ẹ́ńjìnnì, ó ń dún tà-tà-tà bí ẹni ń fi ìka lu páànù. A wò ó, a rí i pé irin tí ń gba èéfín lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, èyí tí a ń pè ní mánífóòdù, ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́. Sìlíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì 504. Èéfín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Mánífóòdù tí ilé-iṣẹ́ ṣe jẹ́ irin dídà tó nípọn, ó kúrú, ó sì kó èéfín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ kíákíá kó tó rán wọn lọ sínú sàlẹ́ńsà. Kò gbówó lórí, ó sì máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn eré máa ń yọ ọ́, wọ́n á fi páìpù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ rọ́pò rẹ̀, páìpù kan fún sìlíńdà kan, kí wọ́n tó pàdé ní oríta kan nísàlẹ̀. Èyí ni àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní hẹ́dà. Èyí tí páìpù rẹ̀ gùn ni wọ́n sì fẹ́ràn jù.

Ọwọ́ wa ti tẹ ìwé ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan nígbà náà. Àwòrán Mustang àti Camaro ló kún inú rẹ̀, hẹ́dà wọn ń dán bí fàdákà, páìpù wọn tóbi bí ọrùn ọwọ́. Ọmọ Iléṣà a máa gbé ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Ohun tí kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè nínú wa ni pé ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ yẹn ní sìlíńdà mẹ́jọ, wọ́n tó lítà márùn-ún, nígbà tí ti 504 wa kò pé lítà méjì.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú wa. Èkíní ni pé ká wá mánífóòdù ilé-iṣẹ́, tòkunbọ̀ tó dára. Arábìnrin wa ló dá èyí lábàá. Èkejì ni pé ká lọ bá bàbá alásàlẹ́ńsà kan tí Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ní ọjà Panteka, níbi tí wọ́n ti ń fi irin àlòkù dá oríṣiríṣi àrà, kó bá wa ṣe hẹ́dà tó bá ọkọ̀ wa mu. Ẹ̀kẹta ni hẹ́dà kan tí ọmọ Iléṣà rí lórí òkìtì irin tòkunbọ̀, tó ti ṣe tán, tó ń dán, tí páìpù rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì méjì. Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á ní ohun tí iná bá lè jó pọ̀ kò sí èyí tí kò lè bára mu.

Ẹ ti mọ èyí tí a rà. ₦18,000 ni gbogbo owó tí a kó jọ, ₦11,000 ló bá hẹ́dà náà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ajórin kan gé irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó jó o mọ́ páìpù náà, ó sì fi bóòtù de é mọ́ orí ẹ́ńjìnnì. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́ náà gbà. Nígbà tí a tan ọkọ̀, ariwo ta! Àwọn ọmọdé tú jáde ní gbogbo àdúgbò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń sáré tẹ̀lé wa. Ọmọ Iléṣà yọ orí síta láti ojú fèrèsé, ó ń juwọ́ bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ ní Kẹ́ńyà.

Ṣé wọ́n ní òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí a fi mọ ohun tí a rà. Bí ọkọ̀ bá ṣófo, tí a sì tẹ iná mọ́lẹ̀ gidigidi, ó ń sáré díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èèyàn márùn-ún bá wọ̀ ọ́, kò lè gbéra kúrò lójú kan bí kò ṣe pé a mú un pariwo. Ibi tó ti ń fi jíà kẹta kọjá tẹ́lẹ̀, jíà kejì la fi ń gùn ún. Epo tó ń jẹ pọ̀ sí i. Àwọn bọ́ǹpù ojú títì sì wá di ọ̀tá wa, nítorí oríta páìpù náà rọ̀ sílẹ̀ ju gbogbo abẹ́ ọkọ̀ lọ. Ìgbà mẹ́ta ló fi irin ha ilẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Síbẹ̀ a kò lè sọ ọ́ fún ara wa. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra ata, bó ta á lójú, á ní èéfín ni.

Èéfín gan-an ló wá tú wa fó. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a ní ká gbé màmá lọ sí Zaria kí wọ́n lọ kí ìbátan wọn kan, ká sì fi dán ọkọ̀ wò ṣáájú ìrìn-àjò Ọ̀fà. Ọyẹ́ mú, a sì ti gbogbo fèrèsé. A kò tíì rìn jìnnà tí arábìnrin wa fi ní orí ń fọ́ òun. A ní oorun ni. Nígbà tó ṣe díẹ̀, màmá tó ti ń bá wa tàkúrọ̀sọ látàárọ̀ dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wẹ̀yìn, ó rí i pé orí wọn ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. A dúró lójijì, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, a gbé wọn jókòó sábẹ́ igi. Wọ́n bì. Ó tó wákàtí kan kí ojú wọn ó tó walẹ̀.

Nígbà tí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a rí i. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi de hẹ́dà náà ti gbóná títí ó fi wọ́. Bóòtù méjì ti tú, gáskẹ́ẹ̀tì ti jó. Èéfín ń yọ níbẹ̀, ó sì ń bá atẹ́gùn tí ń gba abẹ́ gíláàsì iwájú wọlé bá wa nínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín yìí tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ gbé, èèyàn á sì rò pé oorun ló ń kun òun. A ti kà á nínú ìwé. A ti fi yege ìdánwò pàápàá. Àwa náà la wá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ìyá oníyàá.

Màmá kò bínú. Wọ́n kàn wo ọkọ̀ náà títí, wọ́n ní: "Ọkọ̀ bàbá yín kì í pariwo báyìí. Ibi tó bá sì ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi dé ibẹ̀." Kò sí ẹni tó lè fèsì nínú wa. Ọmọ Ọ̀fà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó ń sunkún.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, a lọ sí Panteka. Àwa ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, arábìnrin wa kúnlẹ̀, a sì ro ẹjọ́ wa fún bàbá alásàlẹ́ńsà láìfi kan pamọ́. Bàbá kò tilẹ̀ wo hẹ́dà tí a gbé dání. Wọ́n ní: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹrù wo ni ọkọ̀ yín ń rù? Eré mélòó ni ẹ ń sá? Ọ̀nà wo ni ẹ ń gbà?" A dáhùn. Wọ́n ní: "Ìyẹn ló yẹ kí ẹ ti kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ ti ra bàtà kí ẹ tó wọn ẹsẹ̀." Wọ́n tún ní bí a bá lè rí mánífóòdù ilé-iṣẹ́ tí kò sán, kí a rà á, kí a sì máa bá tiwa lọ. Arábìnrin wa wò wá, kò sọ nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́ta la fi wá a, gbogbo èyí tí a rí ló ti sán bíi tiwa. Ìgbà náà ni bàbá tó gbà láti ṣe hẹ́dà. Ẹ̀gbọ́n ta rédíò rẹ̀ kí owó ó lè pé.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí bàbá fi ojú wa rí. Nígbà tí fáàfù tí ń tú èéfín bá ṣí, èéfín á yọ bí ìbọn, ìgbì kan á sì sáré ṣáájú rẹ̀ nínú páìpù. Bí ìgbì yìí bá dé oríta tí àyè ti gbòòrò, apá kan rẹ̀ á ṣẹ́rí padà gẹ́gẹ́ bí ìfà. Bí ìfà náà bá dé ẹnu sìlíńdà nígbà tí fáàfù èéfín kò tíì pa dé tán, tí fáàfù tí ń gba epo àti atẹ́gùn wọlé sì ti ń ṣí, yóò fa èéfín tó ṣẹ́kù jáde, atẹ́gùn tútù á sì rí àyè wọlé. Níbẹ̀ ni agbára ti ń wá. Bàbá kò kà á nínú ìwé, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ ọ́ rèé: "Èéfín tó ti jáde ló ń na ọwọ́ sí èyí tó kù nílé."

Nítorí náà, gígùn páìpù ṣe pàtàkì. Bó bá kúrú, ìfà á tètè padà, ó bá ẹ́ńjìnnì tí ń yí lóòyì-lóòyì mu. Bó bá gùn, ìfà á pẹ́ díẹ̀, ó bá ẹ́ńjìnnì tí ń yí níwọ̀n mu. Ibi tí ẹ́ńjìnnì 504 oníkabúrétọ̀ bíi tiwa ti ń fà jù ni nǹkan bí ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Páìpù gígùn ló tọ́ sí i. Ìbú páìpù náà ṣe pàtàkì. Bó bá há jù, á fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Bó bá fẹ̀ jù, èéfín á máa wọ́ bí omi odò Kàdúná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó ṣe wá pẹ̀lú páìpù ínṣì méjì nìyẹn. Ínṣì kan ààbọ̀ ni bàbá lò. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń ní ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ní ìdènà díẹ̀ lẹ́yìn kó tó lè fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí èéfín máa sáré ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́, ìdènà kò ṣe é lóore kankan.

Bàbá kò sì da páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí sìlíńdà 504 ṣe ń jó tẹ̀lé ara wọn ni 1, 3, 4, 2. Nítorí náà wọ́n so 1 pọ̀ mọ́ 4, wọ́n so 2 pọ̀ mọ́ 3, kí àwọn tó jìnnà síra nínú iṣẹ́ lè jọ gba ọ̀nà kan láìkọlu ara wọn. Ìgbà tó yá ni méjèèjì wá di ẹyọ kan. Irú èyí ń fún ọkọ̀ ní agbára láti ìsàlẹ̀ dé àárín, ó sì dára fún ẹni tí ń ru ẹrù. Èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dára fún ẹni tí ń sá eré ìdíje lókè lọ́hùn-ún.

Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ márùn-ún, àwa la sì ń bá wọn fẹ́ná. Bàbá rọ iyanrìn gbígbẹ kún inú páìpù, wọ́n dí i lẹ́nu méjèèjì kí wọ́n tó fi iná tẹ̀ ẹ́, kó má baà wọnú níbi tó bá ti tẹ̀. Okùn ni wọ́n fi wọn páìpù kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ẹ́ńjìnnì dé oríta, wọ́n sì gé e títí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dọ́gba. Irin tó nípọn tó mìlímítà mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe ìdè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ jó o pa, wọ́n kọ́kọ́ dè é mọ́ irin ńlá mìíràn kí iná má baà wọ́ ọ. Wọ́n gba abẹ́ ọkọ̀ wọlé, wọ́n rí i pé kò sí apá kan rẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju irin abẹ́ ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tan ọkọ̀, wọ́n fi àkísà dí ẹ̀yìn sàlẹ́ńsà, wọ́n ní kí gbogbo wa dákẹ́, wọ́n sì tẹ́tí sí i bóyá èéfín ń sú níbì kan. Kò sí. Ní ọjọ́ kejì tí irin ti gbóná tó sì ti tutù, wọ́n tún bóòtù mú. Wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì wò: ó funfun, èyí fi hàn pé epo kò tó. Wọ́n pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì kabúrétọ̀ títí púlọ́ọ̀gì fi rí bí àwọ̀ ilẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò pariwo mọ́. Ó ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí àgbàlagbà tó ń wí tẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọdé kò sáré tẹ̀lé wa mọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fi jíà kẹta gun ibi tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, èèyàn márùn-ún nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọdún bàbá pé, a gbéra lọ sí Ọ̀fà. A gba Birnin Gwari, a gba Tegina, a kọjá Kontagora. Nígbà tí a sún mọ́ Mokwa, a wẹ̀yìn, màmá ti dijú, orí wọn ti fẹ̀gbẹ́ lé ilẹ̀kùn. Àyà wa já. Ẹ̀gbọ́n dúró gbì, gbogbo wa sì ń pe màmá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n la ojú, wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní: "Kí ló dé? Ẹ jẹ́ n sùn jàre. Ọkọ̀ bàbá yín ti padà dé." A kọjá afárá Jẹ́bbà lórí odò Ọya nírọ̀lẹ́, màmá ṣì ń sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọgbà nísinsìnyí, ọkọ̀ ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ ń rí ní ẹ̀rọ kékeré lára páìpù tí ń ka èéfín kó lè mọ iye epo tí yóò tú. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ hẹ́dà wọn, ẹ rí i pé ẹ̀rọ yìí rí àyè tó tọ́. Agolo tí ń fọ èéfín náà wà lára wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀ tí ń rìn ní títì. Irin tí kì í dípẹtà wọ́n, ṣùgbọ́n á pẹ́. Irin lásán kò wọ́n, ìpẹtà á sì tètè jẹ ẹ́. Gbogbo èyí ni ẹ lè kà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó na owó yín, ẹ rántí ìbéèrè mẹ́ta bàbá Panteka: kí ni ó ń rù, báwo ló ṣe ń sáré, ọ̀nà wo ló ń gbà? Bí ẹ kò bá sì mọ ẹni tí yóò jókòó sẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tíì ra páìpù.

Ó dìgbà kan ná. Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ ká rí ìjà ọ̀nà o.